Ta Ló Ni Georgetown? Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Bowie

Ìyá kan tó ń gbé ní Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ìwé ìgbaniwọlé gbà sí Yunifásítì Georgetown ní Washington. Nígbà tó ròyìn ayọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, arákùnrin kan sọ fún un pé àdúgbò òyìnbó olówó ni Georgetown láti ìṣẹ̀dálẹ̀, pé aláwọ̀ dúdú kò ní ogún kankan níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé aláwọ̀ dúdú ló kún ibẹ̀ rí. Ìyá náà wá béèrè pé: ta ni ká gbà gbọ́? Kí ló dé tí Georgetown kò jọ ìyókù Washington, ìlú tí wọ́n ní orí pépà ni wọ́n ti yà á kí wọ́n tó kọ́ ọ? Bí òun àti ọmọ òun bá sì fẹ́ lọ rìn níbẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, kí ni kí àwọn wò?

Màmá, ẹ kú oríire. Ọmọ náà á kàwé náà já, ẹ̀yin náà á sì jẹun ọmọ. Ẹni kejì tó bá yín sọ̀rọ̀ sún mọ́ òótọ́ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà kù díẹ̀. Kò sí ìgbà kan tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń gbé Georgetown. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ibẹ̀ dó títí di nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, wọn kò fìgbà kan ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nínú ènìyàn mẹ́ta tí ẹ bá pàdé ní títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di onílé, olùkọ́, oníṣègùn, alágbàfọ̀, òṣìṣẹ́ èbúté. Bí wọ́n ṣe wá tán níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí kì í ṣe ogun tàbí iná ló lé wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú àdúgbò náà kó ipa ńlá nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì ṣáájú, torí òun ló máa jẹ́ kí ìyókù yé wa.

Georgetown ju Washington lọ lọ́jọ́ orí. Ní 1751, nígbà tí Maryland ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ilé aṣòfin ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n gé 60 éékà kúrò lára ilẹ̀ George Gordon àti George Beall, kí wọ́n pín in sí ojú ilẹ̀ 80 fún títà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Odò Potomac jinlẹ̀ tó láti gbé ọkọ̀ òkun dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá kọjá ibẹ̀ díẹ̀, àpáta ló máa bá pàdé. Nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn olóko ti ń kó tábà wá. Àgbá ńláńlá ni wọ́n ń dì í sí, tí wọ́n á sì máa yí i bọ̀ láti orí òkè dé èbúté, lójú ọ̀nà tí a ń pè ní Wisconsin Avenue lónìí. Àwọn tó gbin tábà náà, tí wọ́n ká a, tí wọ́n sá a, tí wọ́n yí àgbá rẹ̀, ẹrú ni wọ́n. Owó tábà ló kọ́ ìlú náà.

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn èyí kí ẹnikẹ́ni tó ronú olú-ìlú sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ní July 1790 ni Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé etí Potomac ni olú-ìlú tuntun máa wà. Ààrẹ George Washington fúnra rẹ̀ ló yan ojú ilẹ̀ náà. Ní March 1791, inú Georgetown, ní ilé ìtura kan tí wọ́n ń pè ní Suter's Tavern, ni ó ti bá àwọn onílẹ̀ ṣe àdéhùn. Andrew Ellicott ni olórí àwọn tó wọn ààlà ilẹ̀ náà, ó sì mú Benjamin Banneker dání, aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, tó ń fi ìràwọ̀ mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Ìgbà yẹn ni Pierre L'Enfant, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya àwòrán ìlú: títì gbọọrọ tó dábùú ara wọn, àti òpópónà fífẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ pè, tí wọ́n gba igun dé igun la ìlú kọjá.

Àwòrán yẹn parí sí odò kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rock Creek. Òdìkejì odò yẹn ni Georgetown wà. Ó wà nínú agbègbè olú-ìlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìlú Washington. Ó ní olórí ìlú tirẹ̀, ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó sì ní orúkọ títì tirẹ̀. Georgetown ni ìyáálé, Washington ni ìyàwó tó dé lẹ́yìn tó sì gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ní 1871 ni Ilé Aṣòfin gba àṣẹ ìlú lọ́wọ́ Georgetown, ó sì dà á pọ̀ mọ́ Washington. Ní 1895 ni wọ́n tún ní kí àwọn títì rẹ̀ pa orúkọ dà kí ó lè bá ti Washington mu. Títì tó ń jẹ́ Bridge Street di M Street. High Street náà di Wisconsin Avenue ní ìkẹyìn. Orúkọ nìkan ni wọ́n rí yí padà. Àwọn títì náà ṣì há bí wọ́n ṣe wà, ilé wọn ṣì ń fara kanra, ojú ọ̀nà kan sì ṣì ń gun òkè lọ́nà tí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi rúlà ya ìlú kò ní gbà láyè. Ìdí tí kò fi jọ ìyókù nìyẹn, Màmá.

Ọ̀rọ̀ odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, èyí tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ M Street, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 July 1828 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ẹrù láti ọ̀nà àwọn òkè ńlá ìwọ̀ oòrùn. Ọjọ́ kan náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà reluwé kan ní Baltimore, reluwé náà sì ṣẹ́gun. Ó di 1850 kí odò náà tó dé Cumberland, ó gùn ju máìlì 184 lọ, omíyalé 1924 ló sì pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ọgbà ìjọba ni báyìí. Ó dára láti rìn létí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn.

Bí mo bá ní kí n sọ ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ní Georgetown, ti Yarrow Mamout ni mo máa sọ. Fúlàní ni. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1736, ní agbègbè tó wà nínú orílẹ̀-èdè Guinea lónìí. Mùsùlùmí ni, ó sì mọ ìwé Lárúbáwá. Ní 1752 ni ọkọ̀ ẹrú kan tó ń jẹ́ Elijah gbé e gúnlẹ̀ sí Annapolis, kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 16 lọ. Ìdílé Beall ló rà á, ọ̀dọ̀ wọn ló sì wà fún ọdún 44. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa máa sọ pé Yorùbá ni. Kì í ṣe Yorùbá o. Ilẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí tiwa, kò sì yẹ ká gba ìran rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ṣe tó láti mú kí a fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà.

Brooke Beall, ọ̀gá rẹ̀ ìkẹyìn, jẹ́ oníṣòwò ní Georgetown. Ó ṣèlérí fún un pé bí ó bá mọ gbogbo bíríkì tí òun máa fi kọ́ ilé tuntun tán, òun á fún un ní òmìnira. Yarrow mọ ọ́n. Ọ̀gá kú kí ó tó mú ìlérí ṣẹ. Ìyàwó ọ̀gá ló wá mú un ṣẹ ní 1796, nígbà tí Yarrow ti dàgbà tó ẹni 60 ọdún. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni 60 ọdún, tí agbára rẹ̀ ti lọ sínú oko àti iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé kó máa lọ.

Bàbá náà kò jókòó. Ó ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́, ó sì ń hun apẹ̀rẹ̀ lálẹ́. Ó kó 100 dọ́là jọ, ó fi sọ́wọ́ oníṣòwò kan kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀. Oníṣòwò náà kú, owó wọmi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kó 100 dọ́là jọ, ó fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn náà wọ gbèsè. Nígbà kẹta tó kó owó jọ, ó tó 200 dọ́là, wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi ra ìpín ìdókòwò ní Bank of Columbia tó wà ní Georgetown. Ibẹ̀ ni owó rẹ̀ dúró sí, èrè rẹ̀ ló sì ń jẹ lọ́jọ́ ogbó. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1800, ó ti ra ilẹ̀ ní títì tí a ń pè ní Dent Place lónìí, ó sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ó máa ń gbàdúrà sí Ọlọ́run ní gbangba, kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò mu ọtí, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n.

Ní 1819, Charles Willson Peale, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tó lórúkọ jù lọ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ẹni tó ti ya George Washington fúnra rẹ̀, gbọ́ pé bàbá arúgbó kan wà ní Georgetown tí wọ́n ní ó ti lé ní 130 ọdún. Ọjọ́ orí náà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Peale wá a rí, ó jókòó, ó sì ya bàbá náà. Àwòrán yẹn wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Philadelphia lónìí: bàbá kan pẹ̀lú fìlà lórí àti ẹ̀wù ńlá, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ẹni tó ń yà á bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ní 1822, James Alexander Simpson tún yà á, àwòrán kejì yìí sì jẹ́ ti ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní Georgetown. Ó kú ní 1823. Ní 2015 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ìlú wa ilẹ̀ Dent Place náà, wọ́n ń wá ipasẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọn kò rí òkú rẹ̀.

Arákùnrin tó ní aláwọ̀ dúdú kò ní ogún ní Georgetown, ẹ fi ìtàn yìí dá a lóhùn.

Yunifásítì tí ọmọ yín ń lọ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín gan-an, ẹ̀yin ará Bowie. Bíṣọ́ọ̀bù John Carroll ti ìjọ Àgùdà ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1789, àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àlùfáà kan nínú ìjọ náà, ló sì ń bójú tó o. Àwọn Jésúìtì yìí ní oko ńláńlá káàkiri gúúsù Maryland, wọ́n sì ní ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oko náà ni White Marsh. Bowie ni White Marsh wà. Ṣọ́ọ̀ṣì Sacred Heart tí ẹ máa ń rí lórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Route 450, orí ilẹ̀ oko yẹn ló wà, itẹ́ òkú àwọn ẹrú sì wà nínú igbó tó yí i ká.

Ní 1838, gbèsè fún ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rùn. Thomas Mulledy, àlùfáà tó ti jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ náà kí ó tó di olórí àwọn Jésúìtì Maryland, ṣètò láti ta ẹrú 272 sí Louisiana, àtọmọdé àtàgbà, ní iye owó 115,000 dọ́là. Olórí wọn ní Róòmù ti fi àṣẹ ránṣẹ́ pé wọn kò gbọdọ̀ ya ìdílé nípa, wọn kò sì gbọdọ̀ fi owó náà san gbèsè. Wọ́n ya àwọn kan nípa. Wọ́n fi nínú owó náà san gbèsè. Orúkọ tó ṣáájú nínú ìwé títà náà ni Isaac, bàbá ẹni 65 ọdún. Lára àwọn tí wọ́n kó lọ ni àwọn ará White Marsh, ìyẹn ni pé láti àdúgbò tí ẹ̀ ń gbé ni wọ́n ti mú wọn lọ.

Ní 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n ní orúkọ Mulledy kò gbọdọ̀ wà lára ilé kankan mọ́ nínú ọgbà náà. Ní April 2017, yunifásítì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àtọmọdọ́mọ, ó sì sọ ilé kan ní Isaac Hawkins Hall. Ní 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì fọwọ́ sí i pé kí olúkúlùkù máa san 27.20 dọ́là ní sáà kọ̀ọ̀kan fún àǹfààní àwọn àtọmọdọ́mọ wọ̀nyẹn. Yunifásítì kò gba owó náà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á máa wá 400,000 dọ́là lọ́dọọdún. Lójú tèmi, ìbò àwọn ọmọ náà ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé wọ́n fi àpò ara wọn ṣe é. Kí ọmọ yín bi àwọn tó bá bá níbẹ̀ léèrè nípa rẹ̀.

Ilé kejì tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn ni Anne Marie Becraft Hall. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú ni Becraft, wọ́n bí i ní 1805. Ní 1820, ọmọ ọdún 15 péré, ó dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ní Georgetown. Ọmọ ọdún 15! Àwọn ẹrú ń kọjá lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà. Ní 1831 ó wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Àgùdà ní Baltimore, ó sì kú ní 1833, kò ì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ilé tó ga jù tí ẹ máa rí láti òdìkejì odò, tó ní ṣóńṣó, ni Healy Hall. Patrick Healy tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é di olórí ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1874. Ará Ireland ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú ní Georgia, nítorí náà, lójú òfin Georgia, ẹrú ni wọ́n bí òun náà. Awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé ayé rẹ̀ bí òyìnbó. Síbẹ̀, ó di 1950 kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ẹrú kọ́ ilé tó lókìkí jù níbẹ̀. Ẹ rántí ọdún 1950 yìí, mo máa padà sí i.

Ní ìta ọgbà yunifásítì, àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́ ìlú sínú ìlú. Ní 1816, àwọn tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn òyìnbó jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Mount Zion. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ìjọ aláwọ̀ dúdú ní Washington, ó sì wà ní 29th Street títí di òní. Ní 1842, àwọn obìnrin tí kì í ṣe ẹrú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Female Union Band Society. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, wọ́n sì ra ilẹ̀ tí wọ́n á máa sin ara wọn sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹgbẹ́ ìyálọ́jà àti àjọ dídá, kò sí ohun tó máa ṣàjèjì sí yín nínú ìṣe àwọn obìnrin náà.

Nígbà tí Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin òmìnira Washington ní ọjọ́ 16 April 1862, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó gba òmìnira ní gbogbo agbègbè náà. Ìjọba san tó 300 dọ́là lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n san án fún o, kì í ṣe àwọn tó sìnrú. Ohun tó wà fún ẹrú ni 100 dọ́là tí wọ́n máa fún ẹni tó bá gbà láti kó kúrò lọ sí Haiti tàbí Liberia. Ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀, wọ́n ní ilé àwọn nìyí.

Lára àwọn tó dúró ni wọ́n gbé ìhà ìlà oòrùn Georgetown, nítòsí Rock Creek, níbi tí wọ́n ń pè ní Herring Hill nítorí ẹja tí wọ́n ń pa nínú odò náà. Wọ́n ní ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtajà, oníṣègùn. Ní pápá Rose Park ni àwọn ọmọ ìyá méjì, Margaret àti Roumania Peters, ti kọ́ bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Láàárín 1938 sí 1953, àwọn méjèèjì gba ife ẹ̀yẹ oníméjì nígbà 14 nínú ìdíje àpapọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1946, Roumania lu Althea Gibson, ẹni tó padà wá gba Wimbledon. Àwọn òyìnbó kò gbà wọ́n láyè nínú ìdíje tiwọn nígbà tí ara wọn le jù, ohun tó sì dùn mí nìyẹn, torí pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà mọ ibi tí wọn ìbá dé.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe lọ.

Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Roosevelt gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí Washington, àwọn wọ̀nyí sì ń wá ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Nígbà náà, àwọn ènìyàn ń fojú àdúgbò tálákà wo Georgetown: ilé ẹran, ilé ìlọ̀yẹ̀fun, èéfín létí odò, àwọn ilé bíríkì kéékèèké tó ti gbó. Àwọn tuntun náà rí ẹwà lára àwọn ilé gbígbó wọ̀nyẹn. Wọ́n ń rà wọ́n, wọ́n ń tún wọn ṣe. Onílé tó ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ayálégbé aláwọ̀ dúdú rí i pé òun lè tà á ní owó gọbọi, ó sì ní kí ayálégbé kó jáde. Onílé aláwọ̀ dúdú pàápàá, wọ́n á fi owó tí kò rí rí lọ̀ ọ́, owó orí ilé sì ń ga sí i lọ́dọọdún.

Ní September 1950, ọdún kan náà tí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ilé Aṣòfin ṣe òfin kan fún Georgetown: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ilé, kọ́ tuntun, tàbí yí ojú ilé padà síta láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ayàwòrán-ilé mẹ́ta kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin tó dára ni, mi ò purọ́. Òun ló jẹ́ kí ẹ lè rí Georgetown bí ẹ ṣe máa rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó dá ènìyàn sí. Ó fi ọkàn olówó balẹ̀ pé ilé tó bá rà kò ní bàjẹ́ lójú rẹ̀, iye ilé sì fò sókè. Nígbà tí John Kennedy ń gbé ní N Street kí ó tó di Ààrẹ ní 1961, àwọn aláwọ̀ dúdú tó kù ti di bíńtín. Àwọn ilé ìwé tí wọ́n kọ́ fún ọmọ wọn, Wormley àti Phillips, ti di ilé gbígbé olówó ńlá báyìí. Àwọn ìlú tó ń ṣe irú òfin yìí lónìí, bí wọn kò bá fi ti ayálégbé àti owó orí ilé kún un, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Ohun tó kù ni ìjọ. Púpọ̀ nínú ọmọ ìjọ Mount Zion ni kò gbé Georgetown mọ́. Láti Maryland àti àwọn ìhà mìíràn ni wọ́n ti ń wakọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú.

Tó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ má retí reluwé abẹ́ ilẹ̀, torí kò sí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Georgetown. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn olówó ibẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ìdí tó lágbára jù ni pé ihò ojú irin ní láti jinlẹ̀ gan-an kí ó lè gba abẹ́ Potomac kọjá, àti pé ibi tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ ni àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń lé. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Foggy Bottom, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn gba M Street kọjá Rock Creek. Ẹ wo Old Stone House, ilé olókùúta tí wọ́n kọ́ ní 1765, kí L'Enfant tó mú gègé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yà sí 29th Street kí ẹ wo Mount Zion, kí ẹ tó gòkè lọ sí Dent Place. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwòrán Yarrow, ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìkàwé tó wà ní R Street, kí ẹ bi wọ́n bóyá ó wà nílé, torí wọ́n máa ń yá a fún ilé àwòrán.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí jù ni itẹ́ òkú Mount Zion àti ti Female Union Band Society, nítòsí 27th Street àti Q Street. Ó fara kan Oak Hill, itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, tí wọ́n tọ́jú bí ọgbà ọba. Èyí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òkúta ibojì ti ṣubú, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ jọ sí ojú kan. Àwọn àgbà ìjọ máa ń sọ pé inú ilé bíríkì kékeré tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó òkú sí kí wọ́n tó sin ín, ni àwọn ẹrú tó ń sá lọ sí àríwá ti máa ń fara pamọ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn kan fẹ́ wú àwọn òkú náà kí wọ́n fi ilẹ̀ kọ́ ilé. Ilé ẹjọ́ ló dá wọn lẹ́kun ní 1975. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń gé koríko ibẹ̀, wọ́n sì ń wá orúkọ àwọn tó sùn síbẹ̀ nínú ìwé àtijọ́. Wọ́n máa ń wá ọwọ́ kún ọwọ́, ọmọ tó bá sì ń gbé ọgbà yunifásítì kò jìnnà sí wọn rárá. Ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀.